Ṣé Inú "Gbọ́" Ni "Ọgbọ́n" Ti Wá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti dá iyàn sílẹ̀ ní kíláàsì mi. Ọmọ kan gbọ́ ọ níbi ìwàásù pé inú "gbọ́" ni "ọgbọ́n" ti wá, pé "ọ-gbọ́-ń" ni, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Òmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí òyìnbó ń pè ní wisdom náà ni ọgbọ́n, pé ó tilẹ̀ wà lára àmì Yunifásítì Ìbàdàn. Èwo ni kí n gbà? Kí ni ọgbọ́n gan-an, níbo ni ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣẹ̀ wá? Ẹ tún bá mi dáhùn èyí: bí ọmọ bá kọ "ọgbọ̀n" dípò "ọgbọ́n" nínú ìdánwò, ṣé kí n gé máàkì rẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọmọ. Inú mi dùn pé orí orísun ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìwàásù yẹn bẹ̀rẹ̀, torí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ló máa ń tètè wọ ọmọ lára. Rárá o, ọgbọ́n kò ti inú gbọ́ wá. Ẹ̀kọ́ tí oníwàásù náà fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn dára, èmi náà sì gbà pé ẹni tí kì í fetí sí ọ̀rọ̀ kì í gbọ́n bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà lọ́tọ̀, orísun ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. A kì í tìtorí pé àlàyé kan dùn létí ká wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo "n" tó wà lẹ́yìn gbọ́n yẹn dáadáa. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, "n" tó bá tẹ̀lé fáwẹ̀lì báyìí kì í ṣe ìró tó dá dúró. Àmì lásán ni, ó ń sọ fún wa pé ká gba imú pe fáwẹ̀lì náà. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni. Ẹ ní kí ọmọ kan fi ìka di imú, kó pe gbọ́, kó wá pe gbọ́n, imú rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún un. Èkejì ni pé "ń" tó ń tọ́ka sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń jókòó sí: ó ń gbọ́, ó ń jẹun, ó ń sùn. Láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, ẹ kò ní bá Yorùbá kankan tó ń sọ pé "ó gbọ́ ń". Nítorí náà, "ọ-gbọ́-ń" kò bá òfin èdè wa mu níbi kankan.

Tó bá sì jẹ́ ìjọra ìró nìkan la fẹ́ máa tẹ̀ lé, a jẹ́ pé inú rì ni rìn ti wá, tí kún náà á sì di ọmọ kú. Ẹni tó ń rìn ò rì, agbada tó kún ò kú.

Àwọn ọmọ tí gbọ́ bí, a mọ̀ wọ́n, wọ́n sì jọ ìyá wọn. Ìgbọ́ràn wà níbẹ̀. Àgbọ́yé wà níbẹ̀. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni ìgbàgbọ́: a gba ohun tí a gbọ́. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ láyé ìgbà kan, Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, àwọn méjèèjì onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n ń bi wọ́n bí Yorùbá ṣe ń lo mọ̀ àti gbàgbọ́. Ọdún 1986 ni iṣẹ́ wọn jáde. Ohun tí àwọn àgbà náà ṣàlàyé fún wọn ni pé ohun tí ojú ẹni bá rí, tó sì yé ni, òun ni a mọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bó ti wù kó dá wa lójú tó, ìgbàgbọ́ ni. Èmi ka èyí sí ọ̀kan lára ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹnikẹ́ni tíì kọ nípa èdè wa, mo sì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, torí ó fi hàn pé etí ní ipò tirẹ̀ nínú Yorùbá, ipò náà kì í sì í ṣe ti ọgbọ́n.

Ẹ tún wo àríkọ́gbọ́n. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan tí àwọn yòókù sì rí i tí wọ́n fi ṣọ́ra, a ní àríkọ́gbọ́n ni. Rí àti kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ló ṣíwájú.

Níbo wá ni ọgbọ́n ti wá? Inú ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́n. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó ti gbọ́ ìwàásù aládùn, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́, ó sì kún fún ẹ̀kọ́ ju bí ó ti rí lọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ogbó. Gbó ni ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ń ṣàdúrà pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. A fi fáwẹ̀lì olóhùn àárín kan síwájú rẹ̀, ó di ogbó. Bákan náà ni gbọ́n ṣe di ọgbọ́n. Nítorí ànkóò fáwẹ̀lì, ìyẹn bí fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bára wọn mu, "o" ló bá gbó rìn, "ọ" ló bá gbọ́n rìn. Kú àti ikú náà bá ara wọn tan lọ́nà kan náà. Bí ọmọ kan bá wá bi yín pé níbo ni gbọ́n fúnra rẹ̀ ti wá, ẹ sọ fún un pé ìpìlẹ̀ la dé yẹn. Onísílébù kan ni, bíi jẹ, bíi mu, bíi wá, bíi lọ. A kò lè tú u palẹ̀ mọ́.

Ogbó àti ọgbọ́n: ẹ̀dá méjì tí a ṣẹ̀dá lọ́nà kan náà. Ó máa ń wù mí láti rò ó n'Íbàdàn yìí, níbi tí a ti gbà kí ọjọ́ orí máa bá oyè rìn. Ẹni tó máa jẹ Olúbàdàn kì í bọ́ sórí ìtẹ́ lójijì. Láti Mọ́gàjí ilé rẹ̀ ni yóò ti di Jagun, yóò sì máa gun oyè ní ìpele-ìpele, bóyá ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, títí yóò fi dé òkè. Kó tó débẹ̀, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Àwọn baba wa gbà pé ìrìn gígùn yẹn á ti kọ́ni lọ́pọ̀ nǹkan. Síbẹ̀ èdè kò da ogbó pọ̀ mọ́ ọgbọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n dá dúró, òwe sì jẹ́rìí sí i: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì yín ní láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Mo wá dé ibi tó jẹ mí lógún jù. Ìtumọ̀ ọgbọ́n hàn nínú bí a ṣe ń fi gbọ́n sọ̀rọ̀, pàápàá bí a bá fi wé mọ̀ àti yé.

Mọ̀ ń fẹ́ ohun tí a mọ̀. Mo mọ ọ̀nà, mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ìdáhùn. Yé yàtọ̀: ọ̀rọ̀ náà ló yé mi. Ọ̀rọ̀ ni olùwà, èmi ni ó bá. Òye ni a sì ń sọ pé èèyàn ní nígbà tí nǹkan bá ń yé e. Gbọ́n wá dá dúró ní tirẹ̀. Mo gbọ́n. Ó parí. Ẹ kò lè sọ pé "mo gbọ́n ìṣirò" tàbí pé "mo gbọ́n ìwé". Ohun kan ṣoṣo tí gbọ́n gbà ni ọgbọ́n fúnra rẹ̀: "Ọgbọ́n wo la fẹ́ gbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí?" Ìyẹn ni pé ìmọ̀ jẹ́ ti ohun kan, òye jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n jẹ́ ti èèyàn lódidi. Bí ó ṣe ń gbé ara rẹ̀ ni, bí ó ṣe ń ṣe é nígbà tí nǹkan bá dé.

Kí àwọn ọmọ lè fojú rí i, ẹ mú wọn dé ọjà Bódìjà nínú ọ̀rọ̀. Ìyá kan ń ta tòmátì. Ó mọ iye tí apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ láàárọ̀ yìí. Ìmọ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń ta ọjà tí kò ní in. Ó yé e pé òjò ló dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró lójú ọ̀nà, pé bí wọ́n bá fi lè wọlé lọ́la, owó ọjà á wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Òye nìyẹn. Ó wá dínwó díẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láàárọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà ti lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó gé èyí tó ti ń rọ̀, ó sá a sóòrùn, ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ dúró de ọjà tuntun. Obìnrin tó jókòó tì í ní ìmọ̀ kan náà, ó ní òye kan náà, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dání di alẹ́, ó ń retí iye tó ju iye lọ. Bí ọjọ́ kejì bá dé, ta ni a máa sọ pé ó gbọ́n? Kò sẹ́ni tó máa ṣiyèméjì. Inú ìṣe ni ọgbọ́n ti ń hàn.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí dọ́gbọ́n fi pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀. Dá ọgbọ́n ni. A máa ń sọ fún mẹkáníìkì pé "ẹ bá mi dọ́gbọ́n sí i", a máa ń sọ ọ́ fún télọ̀ tí aṣọ kò tó, a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń pín oúnjẹ nígbà tí àlejò bá pọ̀ ju ẹran lọ. Kò sẹ́ni tó ń bẹ mẹkáníìkì pé kó ronú jinlẹ̀ nípa ayé. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó wá ọ̀nà. Oríkì Ìbàdàn gan-an kún fún irú ọgbọ́n yìí: ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, ọmọ a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sórí òkè, tí oúnjẹ kò tó wọn, ìgbín ni wọ́n jẹ. Wọn kò ju ìkarahun nù, òun náà ló di ohun tí wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Ẹni tó bá ń ki Ìbàdàn báyìí, ọgbọ́n àwọn baba rẹ̀ ló ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ọgbọ́n kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ bò mọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ: ọgbọ́n nínú èdè wa kì í ṣe ohun rere ní dandan. A ní ọgbọ́n àrékérekè. A ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Oníjìbìtì gbọ́n, gbájúẹ̀ gbọ́n, Ìjàpá inú ààlọ́ gbọ́n ṣáṣá. Tí a bá fẹ́ sọ pé ọgbọ́n èèyàn bá ìwà rere mu, a ní láti fi nǹkan kún un: a ní ọlọ́gbọ́n èèyàn tó tún jẹ́ ọmọlúàbí. Ìwé-ẹ̀kọ́ tó bá ń sọ fún ọmọ pé "ọgbọ́n ni ṣíṣe ohun tó dára" ń fi ohun tó wù wá pe ohun tó wà. Mo máa ń bínú sí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ tó bá gbà á gbọ́ kò ní dá ọgbọ́n burúkú mọ̀ nígbà tí ó bá dé bá a.

Ìjàpá tí mo dárúkọ yẹn ní ààlọ́ kan tó yẹ kí ẹ pa fún wọn tí wọn kò bá tíì gbọ́ ọ. Ó kó gbogbo ọgbọ́n ayé jọ sínú akèrègbè kan kó lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó so ó mọ́ àyà, ó fẹ́ lọ gbé e kọ́ sórí igi. Akèrègbè kò jẹ́ kó lè di igi mú. Ẹnìkan tó ń kọjá lọ ní kó gbé e sẹ́yìn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ààlọ́ náà ni pé gbogbo ọgbọ́n wà lára Ìjàpá lójú ẹsẹ̀ yẹn, síbẹ̀ kò gbọ́n. Ó ní in, kò lè ṣe é. Ẹni tó ń kọjá lọ kò ní akèrègbè kankan, òun ló gbọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ti ọmọ kejì, ti wisdom àti àmì Yunifásítì.

Ọmọ yẹn kò jìnnà sí òótọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìnì mẹ́ta ló sì wà lára àmì rẹ̀: Recte Sapere Fons. Inú ìlà kan tí Horace kọ ni wọ́n ti mú un, akéwì ará Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ó ń sọ pé kí ọkàn èèyàn máa ro nǹkan bó ti tọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ àti orísun ìwé tó dára. Sapere yẹn ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá. Kó tó di gbígbọ́n, adùn ẹnu ni: kí nǹkan ní adùn, kí ahọ́n sì dá a mọ̀. Ẹni tó bá lè tọ́ nǹkan wò kó mọ èyí tó kan àti èyí tó dùn, òun ni àwọn ará Róòmù wá ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Àwọn ọmọ yín ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú bàọ́lọ́jì: Homo sapiens, orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, fún ẹ̀dá èèyàn lọ́dún 1758.

Wọ́n tilẹ̀ ti bá a pàdé níbòmíràn tí wọn kò fura. Nígbà tí Látìnì di èdè àwọn Potogí, sapere di saber, ìyẹn ni mímọ̀. Àwọn oníṣòwò Potogí gbé e dé etí òkun wa, ó wọ inú Píjìn, ó di sabi. Nítorí náà, "I sabi am" tí awakọ̀ ń sọ ní ibùdókọ̀ Ìwó Road àti sapere tó wà lára àmì Yunifásítì, ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ sọ èyí fún kíláàsì, kẹ́ ẹ wo ojú wọn.

Wisdom ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ méjì ló pà pọ̀ dá a, ó sì ti wà lẹ́nu wọn fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Apá kìíní, wise, bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tan tó túmọ̀ sí rírí. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni Veda ti jáde, orúkọ tí àwọn ará Íńdíà ń pe àwọn ìwé mímọ́ wọn àtijọ́. Ibẹ̀ náà ni videre ti àwọn ará Róòmù ti wá, èyí tó bí fídíò tí àwọn ọmọ ń wò lórí fóònù. Apá kejì, dom, ìdájọ́ ni látètèkọ́ṣe. Ojú àti ìdájọ́, ohun tó wà nínú wisdom nìyẹn. Yorùbá náà mọ iṣẹ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n inú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ló fi í sí: ìrírí, ojú inú, ọ̀làjú.

Ọwọ́ ni àwọn Gíríìkì gbà dé ibẹ̀. Sophia tí wọ́n ń pe ọgbọ́n, tí fìlọ́sọ́fì ti inú rẹ̀ jáde, nínú ewì Homer lórí ogun Troy, ti káfíńtà ni: ẹni tó fi okùn wọn pákó ọkọ̀ ojú omi kó gún régé. Nínú Bíbélì náà, nígbà tí Ọlọ́run ń sọ ohun tí ó fi kún Bẹsaleli nínú Ẹ́kísódù orí 31, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fẹ́ kó ṣe: wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta, igi. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884 lábẹ́ ìdarí Àjàyí Crowther, kọ ọgbọ́n, òye àti ìmọ̀ síbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò ṣe àṣejù, torí Yorùbá ti mọ̀ pé ọwọ́ lè gbọ́n. Ìyá aládìrẹ tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó Mápó sórí aṣọ Ìbàdàndùn, tó fi ẹ̀kọ láfún bo ibi tí kò fẹ́ kí ẹ̀lú dé, kò sẹ́ni tó máa wò ó kó sọ pé ọgbọ́n kò sí níbẹ̀.

Lárúbáwá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lọ sí ilé-kéwú wà ní kíláàsì yín. Ḥikma ni wọ́n ń pe ọgbọ́n, òun ni Ọlọ́hun sọ pé òun fún Luqman nínú súrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ìkọkànlélọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì. Gbòǹgbò rẹ̀ náà ló bí ìdájọ́ àti ìṣàkóso. Àwọn àgbà onímọ̀ èdè Lárúbáwá tún so ó mọ́ ḥakama, irin tó wà lẹ́nu ẹṣin tó ń dá a dúró. Ìjánu gan-an! Ẹ wo bí ó ṣe bá ohun tí àwa náà ń sọ mu: ẹni tó bá kápá ìbínú àti ojúkòkòrò rẹ̀, a ní ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹṣin kan náà, irin kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Lárúbáwá fi ìjánu yẹn sínú ọgbọ́n fúnra rẹ̀, àwa sì fi í sínú ìwà.

Ṣé ọgbọ́n àti wisdom wá jẹ́ ọ̀kan náà? Wọ́n pàdé, wọn kò dọ́gba. Òyìnbó kì í sábà pe ẹ̀tàn ní wisdom, bẹ́ẹ̀ ni kì í lò ó fún ọ̀nà tí télọ̀ fi gé aṣọ tí kò tó. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ní fún ìwọ̀nyẹn. Ọgbọ́n tiwa gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n nìkan lè má tó. Nígbà mìíràn ẹ máa ní láti kọ ọgbọ́n àti òye, nígbà mìíràn làákàyè ló máa gbé e, nígbà mìíràn ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n. Bí ẹ bá sì ń túmọ̀ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè irú ọgbọ́n tó jẹ́.

Kí n má gbàgbé inú. Ọ̀rúnmìlà, tí Ifá jẹ́ tirẹ̀, ní oríkì kan: Akéréfinúṣọgbọ́n. Kékeré ni ní ìdúró, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló fi ṣe ọgbọ́n. Fún Yorùbá, inú ni ilé ọgbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a tún ní ọgbọ́n orí. Sophie Olúwọlé, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, tó sì kú lọ́dún 2018, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé onírònú ńlá ni Ọ̀rúnmìlà, pé ẹsẹ Ifá yẹ fún àyẹ̀wò bí iṣẹ́ àwọn onírònú Gíríìkì. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì wù mí pé inú sophia ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ oyè ọ̀mọ̀wé yẹn. Ẹni tó gba oyè dókítà ní yunifásítì, ọ̀mọ̀wé la ń pè é: ẹni tó mọ̀ ìwé. Nígbà tó bá wá dé orí àga tó ga jù, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mọ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́, gbọ́n wà nínú ti ìkẹyìn. Ẹni tó yan àwọn orúkọ wọ̀nyí mọ ohun tó ń ṣe, ó sì gbé ẹrù lé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ ní kíláàsì bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin nìyí. Ọgbọ́n wá láti inú gbọ́n, bí ogbó ṣe wá láti inú gbó. Ó jẹ́ bí èèyàn ṣe ń mọ ọ̀nà gbé nǹkan gbà, yálà sí rere tàbí sí búburú. Ẹ má fi ìtumọ̀ náà kọ́ wọn ní àkọ́sórí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lo gbọ́n, ọgbọ́n àti dọ́gbọ́n nílé, kó kọ gbólóhùn mẹ́ta wá, kí kíláàsì wá pín wọn: èyí tó jẹ́ ti ọwọ́, ti inú, ti ẹ̀tàn, ti àgbà. Ní ti ọmọ tó mú ìwàásù náà wá, ẹ yìn ín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó fetí sílẹ̀, ó sì béèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kẹ́ ẹ má sì bu oníwàásù kù, torí òbí ọmọ náà lè wà nínú ìjọ yẹn.

Ní ti ìdánwò: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gé e. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí ọgbọ̀n, iye tó tẹ̀lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ohùn òkè ló sì wà lórí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jẹ́ ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ rárá, tó kàn kọ "ogbon" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, máàkì àmì ohùn nìkan ni kẹ́ ẹ yọ, kẹ́ ẹ fún un ní ti ìtumọ̀ bí gbólóhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ó mọ èyí tó ń sọ.